Ẹ Bi Màmá Léèrè: "Tadaima" Tí Ọmọ Mi Ń Wí Lẹ́nu Ọ̀nà

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ata ni mò ń tà ní Ọjà-Ọba níbí l'Óṣogbo. Àkọ́bí mi, ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 16, ó wà ní SS2. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ilé ìwé dé, ìsọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ yà. Á sọ ohun tí tíṣà wí, á sọ ẹni tí wọ́n nà, á máa bá mi ṣa ata títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti ìgbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti fún un ní fóònù, kò yà mọ́. Bí mo bá bi í pé ilé ìwé ńkọ́, "ó dáa" ni. Ó parí nìyẹn.

Lóru ọjọ́ kan mo dìde láti tọ̀, mo rí iná fóònù lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Aago méjì òru! Yahoo ni ọkàn mi sọ. Mo já wọlé. Kátúùnù ló ń wò, àwọn ọmọ olójú ràgàjì tí irun orí wọn ṣe ṣóńṣó, tí wọ́n ń sọ èdè tí n kò gbọ́. Ó ní ànímé ni, pé Japan ni wọ́n ti ń ṣe é. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé kì í ṣe Yahoo. Àmọ́ ní báyìí, bó bá ti òde wọlé, á ní "tadaima." Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á tẹrí ba, á ní "itadakimasu." Bàbá rẹ̀ ní ọfọ̀ ni, pé òun máa fọ́ fóònù náà mọ́lẹ̀. Wòlíì wa ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni kí n ṣe?
(Ìyá Tí Kò Róorun Sùn, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ wa, ẹ jẹun. Mi ò bú ààwẹ̀ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń febi pa ara ẹni sí.

Èmi náà ò mọ ànímé yàtọ̀ sí ewé títí ọmọ ọmọ mi fi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn. Òun ló là mí lójú. Bí ará Japan bá ti òde wọlé, "tadaima" ló ń wí: "mo ti dé o." Ẹni tó bá nílé á dá a lóhùn pé "okaeri," ìyẹn ni "káàbọ̀." Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, "itadakimasu": mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á. Ọmọ yín ń kí yín, ó sì ń dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ yín. Mélòó nínú àwọn tó ń jẹ iyán wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn èèyàn náà mọ àgbà. Ẹni tó bá ṣáájú rẹ ní ilé ìwé, "senpai" lo máa pè é, o ò ní já orúkọ mọ́ ọn lórí. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, "onii-san," bí àwa náà ṣe ń pe bọ̀dá. (Ọmọ ọmọ mi tó ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ ló jókòó tó ń ṣàlàyé ìyẹn fún mi o!)

Ti aago méjì òru, owó dátà ló fà á. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù wa a máa ta dátà òru ní ọ̀pọ̀. Ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ á jí dúró dè é. Ẹ ṣe é lófin pé alẹ́ Jímọ̀ nìkan ni kó máa dáǹlóòdù, torí kò sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì. Lálẹ́ tó kù, pálọ̀ ni kí fóònù sùn. Kó má sì sọ fún yín pé òun fẹ́ wò ó tán ná: ọ̀kan nínú àwọn eré náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1999, ó ti lé ní 1,000 apá, kò sì tíì parí.

Ẹ má rò pé torí ó jẹ́ kátúùnù, ọmọdé ló ni ín. Àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ìhòòhò àti ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ, tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà. Èyí tí wọ́n bá kọ 18 sí lára, ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ wò ó. Níbẹ̀ yẹn, ẹ le koko.

Ti fóònù fífọ́ ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1974, ọmọ ọdún 13 ni mí, Atọ́ka ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ̀yin àgbà á rántí rẹ̀: ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò sọ eré Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré wà lára àwòrán. Àárín ìwé ìṣirò ni mo máa ń kì í bọ̀. Bàbá mi ká a mọ́ mi lọ́wọ́, ó sọ ọ́ síná, ó nà mí bí ẹní na bàrà. Kí ni mo rí kọ́? Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Ìyá mi ò mọ̀wé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń bó ẹ̀gúsí, ó ní, "Lọ mú ìwé tó o fi há òrùlé wá, kà á sí mi létí." Àyà mi já, àmọ́ mo kà á. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ọkọ inú ìtàn náà. Láti ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan kí bàbá mi tó dé. Mi ò gbọ́ ọ rí! Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló fún mi lówó pé kí n ra tuntun.

Torí náà, ẹ lọ jókòó ti ọmọ yín. Ẹ má tíì sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Èdè Japan ni wọ́n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Ẹ ní kó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún yín. Apá kan á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 24. Ọmọ tó ń fi "ó dáa" lé yín sẹ́yìn á bá yín sọ̀rọ̀ fún odindi ìṣẹ́jú 24. Ẹ bi í pé ìyá akọni yẹn dà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ní òbí nílé. Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ohun tó máa wí.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó rọra. Bó bá jẹ́ ọmọ Arsenal tàbí Chelsea bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ wa, ariwo tirẹ̀ náà ò yé aládùúgbò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, bó bá wọlé tó ní "tadaima," ẹ má wò ó bí aláìsàn. Ẹ ní "okaeri." Ó rọrùn lẹ́nu: o-ka-e-ri. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ yín.