Owó Fílítà Ẹja Ti Ga Jù: Kí Ni Mo Lè Kó Sínú Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Táńkì ẹja oní-lítà 80 wà ní pálọ̀ wa, góòlù fíìṣì méjì ló wà nínú rẹ̀. Fílítà tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn táńkì ni mo ń lò. Wọ́n ní kí n máa pààrọ̀ káátíríìjì inú rẹ̀ (àpò kékeré tó ń sẹ́ ìdọ̀tí, tí èédú wà nínú rẹ̀) lóṣooṣù, àmọ́ owó rẹ̀ ti kọjá agbára mi. Ṣé mo lè gé fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì sí i? Ìyá mi ní kí n fi kànìnkànìn àti èédú sí i. Èwo ni kí n ṣe? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Kí a tó dé orí fọ́ọ̀mù, pípààrọ̀ káátíríìjì lóṣooṣù yẹn gan-an ni kò dáa. Ẹni tó ń tà á ló ń jèrè rẹ̀, ẹja kọ́.

Ara ẹja máa ń tú amóníà sínú omi, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù tún ń fi kún un. Májèlé ni fún ẹja, omi ìbáà mọ́ gaara. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn kan á sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà títí ẹ ó fi pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi. Ara ohun tó wà nínú fílítà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bí ẹ bá sọ káátíríìjì nù, àwọn òṣìṣẹ́ yín lẹ dà sí ààtàn. Ọ̀pọ̀ ẹja tó ń kú "láìnídìí" lẹ́yìn tí wọ́n tún fílítà ṣe, ohun tó pa á nìyẹn.

Àwọn kòkòrò yìí kò sì bìkítà iye tí ẹ ra ohun tí wọ́n ń gbé lára rẹ̀. Bí kò bá ti jẹrà, tí kò dógùn-ún, tí kò tú nǹkankan sómi, tí omi sì ń ráyè gba inú rẹ̀ kọjá, ó ti tó wọn.

Ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ègé fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì wò. Bí atẹ́gùn bá ṣòro láti kọjá, omi náà ò ní kọjá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìdọ̀tí á dí i pa, omi á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì rí. Fọ́ọ̀mù fílítà afẹ́fẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, tí àwọn onísípéàpáàtì ń tà, ni mo fẹ́ràn jù, torí ihò rẹ̀ ṣí dáadáa. Tuntun tí kò ní ọ́ìlì lára ni kí ẹ rà: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun níbẹ̀, bí ó bá fi àbàwọ́n sílẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Ní ti kànìnkànìn, màmá ò jẹ̀bi, ó kù sí èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Kànìnkànìn ìbílẹ̀, tí wọ́n ń rí lára igi, yóò jẹrà, yóò sì tún máa mú amóníà wá. Onírin á dógùn-ún. Èyí tó pọ́n bíi bàbà burú jù, torí bàbà a máa ṣe ẹja léṣe, ó sì ń pa ìgbín inú omi. Ṣùgbọ́n kànìnkànìn nẹ́ẹ̀tì gígùn tí a fi ń wẹ̀? Ìyẹn dáa gan-an! Ọ̀rá ni, kì í jẹrà, omi sì ń gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ra tuntun, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹ wo bóyá aró rẹ̀ ń ṣí.

Àpáàdì náà wà. Ìkòkò amọ̀ tí wọn ò fi nǹkan dídán kùn ní ihò wẹ́wẹ́ lára, ibùgbé gidi nìyẹn fún àwọn kòkòrò wa. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò yọ́: àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ n'Ífẹ̀ láyé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ fọ́ ọ bí èékánná àtàǹpàkò, kí ẹ ṣan eruku rẹ̀ dànù, kí ẹ kó o sínú àpò nẹ́ẹ̀tì àlùbọ́sà. Ìkòkò àgbo tàbí ti ọbẹ̀ kọ́ o.

Òkúta wẹ́wẹ́ náà dára, àmọ́ ẹ kán fínígà sí i lára kọ́kọ́. Bó bá hó, ẹfun wà nínú rẹ̀, yóò sì máa yí omi padà. Òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe tẹ̀rásò máa ń hó bẹ́ẹ̀. (Àwọn tí omi bọ́ọ̀hò wọn kan, bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, lè fi ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, torí àwọn kòkòrò yìí kì í lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi kíkan.)

Bí ẹ bá fẹ́ kí omi mọ́ kedere, ẹ fi òwú ìrọ̀rí tẹ́ òkè. Ẹ ṣáná sí díẹ̀ nínú rẹ̀ níta: bó bá yọ́ tó di kóró, ọ̀rá ni, ẹ lò ó. Bó bá jó di eérú, òwú gidi tàbí òwú àràbà ni, yóò jẹrà. Èyí nìkan lẹ lè máa sọ nù bó bá ti dọ̀tí.

Ẹ yọwọ́ èédú ìdáná. Èyí tó wà nínú káátíríìjì, iná tó le gan-an ni wọ́n fi tún un ṣe títí ihò wẹ́wẹ́ fi kún inú rẹ̀. Àwọ̀ àti òórùn ló sì ń fà, kì í fa amóníà. Èédú ìdáná ń tú eérú sómi, eérú la sì fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹ fojú inú wo ohun tíyẹn máa ṣe lára ẹja.

Fọ́ọ̀mù ni kí ó wà níbi tí omi ti kọ́kọ́ wọlé, kí kànìnkànìn tàbí àpáàdì tẹ̀ lé e, kí òwú gbẹ̀yìn. Káátíríìjì tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ má tíì yọ ọ́ o. Ẹ fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ 6, kí àwọn kòkòrò ara rẹ̀ lè tàn dé orí èyí tuntun. Bí àyè ò bá gbà á, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́.

Bí omi ò bá wá ń lọ dáadáa mọ́, ẹ bu omi táńkì sínú báàfù, kí ẹ fún fọ́ọ̀mù náà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ dá a padà. Kò gbọdọ̀ kan ọṣẹ tàbí Hypo, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kan omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi), torí wọ́n á pa àwọn kòkòrò wa. Bí iná bá sì lọ fún wákàtí gbọọrọ, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ kó o sínú táńkì gan-an títí iná yóò fi dé, torí omi tó há sínú fílítà kò ní pẹ́ rà.