Ẹ má fi aṣọ tútù nu àwòrán lékeléke yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ra àwòrán kan tó ní lékeléke méjì, tó wá láti Jàpáànì, orúkọ Koson wà lára rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní Koson fúnra rẹ̀ ló kùn ún. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n fi aṣọ tútù nu igun rẹ̀ wò: bí àwọ̀ bá yọ, ojúlówó ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ gbé aṣọ yẹn sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ mi ni títún àwòrán àtijọ́ ṣe, ìbéèrè aṣọ tútù yìí sì ti sú mi, torí àwọn míì á ti nù ún tán kí wọ́n tó béèrè.

Ẹni tó tà á fún yín kò sọ òótọ́: kò sẹ́ni tó kùn ún. Ohara Koson (1877–1945), ayàwòrán ọmọ Jàpáànì, ló ya àwòrán. Agbẹ́gi gbẹ́ ẹ sára pákó igi ṣẹ́rì, atẹ̀wé fi àwọ̀ pa pákó, ó tẹ́ bébà lé e, ó sì fi baren ra ẹ̀yìn bébà náà, ìyẹn ohun ribiti tí wọ́n fi èèpo ọparun wé. Orúkọ tí ẹ rí yẹn gan-an, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn ò sọ tiyín di ayédèrú.

Ó ku aṣọ tútù. Omi àti lẹ́ẹ̀ ìrẹsì ni wọ́n fi ń po àwọ̀ yìí. Òmíràn á dúró bí omi bá kàn án, òmíràn á ṣàn. Búlúù àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń fún láti ara òdòdó tsuyukusa, omi díẹ̀ ti tó láti mú un lọ. Bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n fi printa ilé tẹ̀ lánàá náà lè ṣàn! Kí wá ni ẹ fi nù ún mọ̀?

Ti lékeléke tiẹ̀ tún burú jù. Funfun ara rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀dà, bébà lásán ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n á wá fi pákó tí kò ní àwọ̀ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kí ìlà ìyẹ́ lè yọ lára bébà. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i. Bí omi bá kan ibẹ̀, bébà á rọ̀, ìyẹ́ á pòórá, mi ò sì lè dá a padà fún yín.

Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ yí i sẹ́yìn. Àwọ̀ sábà máa ń wọ bébà kozo, ìyẹn bébà tí wọ́n fi èèpo igi kozo ṣe, já sẹ́yìn, ẹ sì lè rí ipa baren. Ẹ fi dígí tí ń mú nǹkan tóbi wo iwájú: bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó aláwọ̀ oríṣiríṣi tó tò lọ bẹẹrẹ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ẹ ò bá rí i, ìyẹn ò tíì sọ pé ayé Koson ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ o. Àwọn kan ti gbẹ́ pákó tuntun láti tún iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀. Mi ò lè fi fọ́tò dá owó lé e, ẹ má sì sọ fún oníbàárà pé èmi ni mo ní ó dáa.

Kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má lámínéètì rẹ̀, ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé.