Sámọ̀n kún ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá ní ó ń tán lódò?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Oregon ni mò ń gbé, odò kan wà nítòsí wa tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ pé sámọ̀n ò wọ̀ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn kan ń gbé ìwé kiri pé ká fọwọ́ sí i kí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, sámọ̀n kún ibẹ̀ bámú. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? Báwo lẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ẹja fẹ́ tán lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán. Ẹ jẹ́ ká gbé ti ṣọ́ọ̀bù kúrò ńlẹ̀ ná, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú. Ẹja sísìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, Norway àti Chile ló ti ń wá, èyí tí kì í ṣe ẹja sísìn sábà máa ń wá láti Alaska, kò kan odò yín rárá. Inú odò ni wọ́n ti ń bí sámọ̀n, á lọ dàgbà lókun, tó bá wá tó àsìkò àtiyé ẹyin á gbóòórùn odò tí wọ́n ti bí i, á sì padà síbẹ̀. Torí ẹ̀ ni tí ti odò yín bá tán, ti ibòmíì ò ní wá rọ́pò ẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ wo sockeye, irú sámọ̀n kan. Lọ́dún 2022, èyí tó wọ Bristol Bay ní Alaska lé ní mílíọ̀nù 70. Sockeye yìí kan náà, èyí tó ń lọ sí adágún Redfish ní Idaho, tó máa rìn bíi kìlómítà 1,450 láti òkun, tó máa la dáàmù 8 kọjá, ẹyọ kan péré ló dé lọ́dún 1992, akọ sì ni. Ta ló fẹ́ bá yé ẹyin? Àwọn Shoshone-Bannock tó nilẹ̀ ibẹ̀ ti kọ̀wé sí ìjọba láti 1990, oṣù kọkànlá 1991 ni wọ́n tó fi sábẹ́ òfin.

Nítorí náà ohun tí NOAA Fisheries, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹja òkun, máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ẹja wo gan-an lẹ̀ ń sọ. Ṣé ó ń dá bímọ lọ́tọ̀, ṣé ó ní nǹkan tó jẹ́ pé tó bá lọ, kò sí ibi tí a ti máa rí i mọ́, bóyá jíìnì ẹ̀ tàbí ìgbà tó ń wọ odò? Ẹ fiyè sí èyí dáadáa o, torí ẹgbẹ́ kan, ìyẹn àwọn ẹja tí òfin kà pọ̀ sí ọ̀kan, lè ní odò bíi mẹ́wàá nínú, tẹ́ ẹ bá kọ̀wé lórí odò kékeré kan ṣoṣo wọ́n lè ní kò dá dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá wo bí ara ẹ̀ ṣe le tó. Iye ẹja wà níbẹ̀, ibi tó tàn ká dé àti oríṣiríṣi tó wà nínú ẹ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni bóyá ó ń rọ́pò ara ẹ̀: tí 100 bá yé ẹyin lónìí, ṣé 100 máa padà wá ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sí i? Ọdún kan tí kò dáa ò tó fi ṣèdájọ́, torí òkun máa ń gbóná, ó máa ń tutù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún léraléra.

Ibi tójú ti máa ń tan èèyàn ni ẹja háṣárì, èyí tí wọ́n tọ́ láti inú ẹyin lọ́gbà tí wọ́n wá dà sódò. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹja náà nítòsí ìrù, lẹbẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí múlọ́múlọ́, ọ̀pọ̀ ẹja háṣárì ni wọ́n ti gé tiẹ̀ kúrò. Odò lè kún kí ó jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ nínú ẹ̀. Adájọ́ kan ní Oregon sọ lọ́dún 2001 pé ìjọba ò lè yọ wọ́n kúrò nínú ààbò òfin tí àwọn àti ti odò bá jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ìlànà tí NOAA ṣe lọ́dún 2005 ṣì ń wo bóyá èyí tó ń dá yé ẹyin lódò lè dá dúró, èyí ló sì tọ́ lójú tèmi.

Ní ti ìwé yẹn, ẹ fọwọ́ sí i tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbò, ẹnì kan ṣoṣo lè kọ ọ́. Iye owó tó máa náni náà ò sí nínú ìpinnu yìí, sáyẹ́ǹsì nìkan ni òfin 1973 tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ tán (Endangered Species Act) ní kí wọ́n wò. Bíi 90 ọjọ́ ni wọ́n ní láti sọ bóyá ẹ̀rí inú ẹ̀ tó yẹ̀ wò, tó bá tó, wọ́n gbọ́dọ̀ pinnu láàárín ọdún kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹja yín ò tíì sí lábẹ́ òfin tẹ́lẹ̀, torí ẹgbẹ́ sámọ̀n àti steelhead (ìbátan sámọ̀n) 28 ló ti wà níbẹ̀ ní etíkun ìwọ̀ oòrùn, coho (irú sámọ̀n kan) ti etíkun Oregon wà lára wọn. Tí kò bá sí, ẹ bá àwọn àgbà yẹn jókòó, kẹ́ ẹ kọ ọdún àti oṣù tí wọ́n rí ẹja sílẹ̀, ibi tí abo ń fi ìrù gbẹ́ itẹ́ sínú òkúta wẹ́wẹ́, fọ́tò àtijọ́ tó ní déètì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí ìjọba bá ní kí aráàlú dá sí i.