Ṣé èèyàn ti ń gbé São Tomé àti Príncipe kí àwọn Potogí tó débẹ̀?

Rárá, kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ń gbé ibẹ̀. Igbó kìjikìji ni àwọn Potogí bá nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470.

Òkè ayọnáyèéfín ló bí erékùṣù méjèèjì láti ìsàlẹ̀ òkun, níwájú etíkun Gàbọ́ọ̀nù. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Pico de São Tomé, ga tó mítà 2,024. Ìlà agbedeméjì ayé gba orí Ilhéu das Rolas kọjá, erékùṣù kékeré kan ní gúúsù. Wọ́n sàmì sí ojú ibẹ̀ gan-an, tí èèyàn fi lè tẹ ẹsẹ̀ kan sí apá àríwá ayé, kó tẹ èkejì sí gúúsù.

Ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà wá ṣiṣẹ́ oko ìrèké ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ṣẹ̀ wá. Ní 1595, ẹrú kan tó ń jẹ́ Amador kó àwọn ẹrú yòókù jọ, wọ́n dìde ogun sí àwọn olóko. Kòkó ló wá gbapò ìrèké nígbà tó yá. Ọjọ́ 12 oṣù Keje 1975 ni wọ́n gbòmìnira.

Ibi tí àwọn Angolares, ẹ̀yà kan ní erékùṣù São Tomé, ti ṣẹ̀ wá nìkan ló ṣì ń fa àríyànjiyàn: àwọn kan ní ọkọ̀ ẹrú tó rì ló gbé wọn débẹ̀, àwọn mìíràn ní ẹrú tó sá kúrò lóko ni wọ́n.