Ṣé 1.63 tí Shane Bieber ní lọ́dún 2020 fi hàn pé ó ju Pedro Martínez lọ?

Rárá o. Ajubọ́ọ̀lù ni àwọn méjèèjì nínú eré baseball Amẹ́ríkà; àmì 1.63 ni àwọn alátakò ń rí gbà lọ́wọ́ Bieber ní innings (ìpín eré) mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án lọ́dún 2020, 1.74 ni ti Pedro lọ́dún 2000; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí kálukú ṣe. Àrùn Kòrónà ti sọ eré 162 di 60, torí náà innings 77 àti díẹ̀ ni Bieber jù. Pedro ju 217, lọ́dún tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lu bọ́ọ̀lù bó ṣe wù wọ́n! Oṣù méjì kò tó kí apá máa ro èèyàn.

Kì í ṣe gbogbo sáà tí wọ́n gé kúrú ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Ìyanṣẹ́lódì dá ti 1994 dúró lóṣù kẹjọ, síbẹ̀ Greg Maddux ti ju innings 202, ó sì ní 1.56. Ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Bieber rárá.

Ní ti 1.12 tí Bob Gibson ní lọ́dún 1968, òkìtì tí àwọn ajubọ́ọ̀lù ń dúró lé ju bọ́ọ̀lù lè ga tó íǹṣì 15 nígbà náà, ìyẹn sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n dín in kù sí 10.