Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé kí n ra igi ẹ̀gẹ́ tó ti Java wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìséyìn, mo sì ní éékà márùn-ún tí mo fẹ́ fi dá oko ẹ̀gẹ́. Ọmọkùnrin kan ń ta igi ẹ̀gẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní abúlé Dadapayu ní Gunungkidul, ní erékùṣù Java ní orílẹ̀-èdè Indonesia, ni wọ́n ti kó o wá. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí èédú nítorí òkè tó ń yọ iná, pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń kórè lọ́dún. Mukibat lorúkọ ẹ̀gẹ́ náà, ìdí kan ṣoṣo a máa mú ọgọ́rùn-ún kílò jáde, kò sì fẹ́ omi. ₦18,000 ni ìdì kan, igi mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Mo ti ra ìdì méjì. Báwo ni mo ṣe máa gbìn ín, ṣé kí n sì rà sí i?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ má rà sí i. Bí ẹ kò bá ráyè ka ìyókù, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Irú ìbéèrè yìí ti tó mẹ́rin tí mo gbà láàárín oṣù méjì, inú sì ti ń bí mi. Kì í ṣe sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè o, sí àwọn tó ń tà á ni.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi ṣe èyí. Bí a bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan, éékà márùn-ún yóò gba nǹkan bí 20,000 ìdí. Igi kan tó gùn tó mítà kan, ẹ lè gé e sí mẹ́rin. Ẹ nílò igi 5,000 nìyẹn, ìdì 500, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Bí ìdí kọ̀ọ̀kan bá wá mú ọgọ́rùn-ún kílò jáde bó ṣe wí, ẹ ó kó ẹgbẹ̀rún méjì tọ́ọ̀nù nínú éékà márùn-ún. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ dunjú níbí, tí ilẹ̀ gbè é, tọ́ọ̀nù 20 sí 30 ló ń rí lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn éékà méjì ààbọ̀. Ọ̀rẹ́ yín orí WhatsApp ń ṣèlérí ẹgbẹ̀rún kan. Èwo ni ká ti ṣe?

Ẹ bi mí báwo lẹ ó ṣe gbìn ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kọ́ ló kàn. Ibi tí wọ́n dárúkọ fún yín ni mo fẹ́ ká sọ, torí iṣẹ́ ti gbé mi lọ sí Yogyakarta, ìlú kan ní Java, fún oṣù mẹ́rin rí, mo sì wọ Gunungkidul láìmọye ìgbà.

Java kò tóbi. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú méje Nàìjíríà lọ, síbẹ̀ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 150 ló ń gbé orí rẹ̀. Òkè tó ń yọ iná pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Merapi wà lápá àríwá ìlú Yogyakarta. Nígbà tó bú ní 2010, ó pa èèyàn tó lé ní 300. Ilẹ̀ tí eérú rẹ̀ ti ń bò láti ayébáyé dára, omi ń ṣàn, ìrẹsì ń hù bí ẹní fi ṣeré. Bí fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bá jẹ́ èyí tí gbogbo wọn ń pín kiri, ẹsẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ya á.

Gunungkidul kì í ṣe ibẹ̀. Gunung ni òkè lédè wọn, kidul ni gúúsù. Ó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Yogyakarta, níbi tí ọba wọn, Sultan Hamengkubuwono Kẹwàá, tún ti jẹ́ gómìnà (kí àwọn Kábíyèsí tiwa má gbọ́ o). Wonosari ni olú ìlú rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo Yogyakarta. Apá gúúsù, níbi tí Dadapayu wà, ni wọ́n ń pè ní Gunung Sewu, ẹgbẹ̀rún òkè. Àwọn òkè kéékèèké ni, wọ́n rí bí abọ́ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì ju ẹgbẹ̀rún lọ dáadáa. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀, irú ti Ewékorò. Ní 2015 UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí ilẹ̀ àti òkúta wọn yẹ kí ayé wá wò. Àlejò a dé, a ya fọ́tò, a lọ. Àgbẹ̀ ló kù pẹ̀lú òkúta.

Òkúta yìí kì í gba omi dúró. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba inú ihò àti pàlàpálá rẹ̀ wọlẹ̀ lọ, á di odò nísàlẹ̀, ojú ilẹ̀ á sì gbẹ. Ní Dadapayu gan-an, odò Bribin ń ṣàn nínú ihò àpáta, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ará abúlé tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Karlsruhe ní Jámánì àti àwọn ará Indonesia ní láti gbẹ́lẹ̀ lọ bá a, wọ́n sé odò náà mọ́ inú ihò, wọ́n sì mú agbára omi ọ̀hún fúnra rẹ̀ láti máa ti omi gòkè. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá, ẹ ó ṣì rí ọkọ̀ tó ń ta omi kiri Gunungkidul. Àwọn kan a ta ewúrẹ́ kí wọ́n tó rówó ra omi.

Ibẹ̀ ni wọ́n sọ fún yín pé ilẹ̀ ti dúdú bí èédú? Pupa ni èyí tí mo tẹ̀. Mo tẹ̀lé ìyá kan lọ sóko ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì rò pé ọkọ́ ló máa mú. Irin gígùn ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní linggis ló gbé léjìká. Ó ń fi í wú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n sétí ìpele oko bí ògiri kékeré kí àgbàrá má baà gbá erùpẹ̀ lọ. Láàárín òkúta méjì kan, erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò kún agbọ̀n. Ó rọra fi ọwọ́ gbá a jọ, ó ki igi ẹ̀gẹ́ kan bọ̀ ọ́, ó kọjá sí èkejì. Kò sọ ọ̀rọ̀ idán kankan sí i.

Mo mọ ibi tí "ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún" ti wá, irọ́ tó ní òótọ́ díẹ̀ nínú ni. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, wọ́n á ti gbin ìrẹsì sínú ilẹ̀ gbígbẹ tó dà bí eérú. Ngawu-awu ni wọ́n ń pè é. Ìrẹsì orí ilẹ̀ ni, kì í ṣe ti àbàtà. Òjò dé, àgbàdo bọ́ sáàárín rẹ̀, ẹ̀gẹ́ náà dúró ní ìlà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì, ẹ̀pà tàbí sóyà á gba àyè rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló ń kẹ́yìn, ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Ilẹ̀ kan náà, oúnjẹ bíi mẹ́rin. Ẹ̀gẹ́ ń jáde lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn àgbà ń fi pranata mangsa mọ ìgbà tí wọ́n á gbin kí ni, ìyẹn kàlẹ́ńdà àgbẹ̀ tó pín ọdún sí ọ̀nà 12, èyí tí Pakubuwana Keje, ọba Surakarta, mú kí wọ́n tò jọ ní àwọn ọdún 1850. Àgbà ń wo ewé tó ń wọ́, ọ̀dọ́ ń wo fóònù, òjò sì ń tan àwọn méjèèjì jẹ láyé ìsinsìnyí.

Ẹ̀gẹ́ náà wá ńkọ́? Wọ́n á bó o, wọ́n á sá a sórí òrùlé àti etí títì. Gaplek nìyẹn. Ẹni tó bá mọ àwọn àpáta tí wọ́n ń sá láfún sí ní Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún á kọ́kọ́ rò pé òun ti délé. Àmọ́ wọn kì í rẹ ẹ́ sómi kó kan bí a ṣe ń ṣe láfún, omi dà? Wọ́n á gún un, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n á fi ọwọ́ rà á títí á fi di hóróhóró, wọ́n á wá fi ooru omi sè é nínú agbọ̀n ọparun ẹlẹ́nu gbàgàdà tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Tiwul ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ìrì àti òjò ti sọ di dúdú, wọn kì í dà á nù, wọ́n fi ń se gatot. Mo jẹ tiwul pẹ̀lú tata díndín, ó sì dùn mọ́ mi. Ìyá tó gbé e fún mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìrẹsì lòun ì bá fẹ́ gbé fún àlejò.

Ẹ̀rín yẹn ló yẹ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó san owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìyàn mú ní Gunungkidul débi pé ebi mú ara ọmọdé wú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń jẹ tiwul, tálákà ni. Òde òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì í sínú páálí fún àlejò. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé nǹkan tó lè gba ìyà ilẹ̀ yẹn mọ́ra kò pọ̀. Kì í ṣe nítorí pé ilẹ̀ tàbí igi ẹ̀gẹ́ wọn ní agbára kan tí tiwa kò ní. Ilé tuntun tí ẹ bá sì rí lábúlé wọn, owó ọmọ tó ń ta núdù àti bọ́ọ̀lù ẹran nínú omi ọbẹ̀ ní Jakarta ló kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí Ìtúnu ààwẹ̀ bá dé, kí ẹ wá wo èrò tó ń bọ̀ wálé.

Ó ku Mukibat. Orúkọ èèyàn ni, kì í ṣe orúkọ ẹ̀gẹ́. Àgbẹ̀ ni Mukibat, ní agbègbè Kediri, ní ìlà-oòrùn Java, ibi tó fi 150 kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jìn sí Gunungkidul. Ní nǹkan bí 1952, ó ṣe ohun tí àwọn ọlọ́sàn wa náà ń ṣe: ó mú ẹ̀ka igi kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí òmíràn. Ìdí ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí a ń jẹ. Ẹ̀ka òkè ni ìbátan ẹ̀gẹ́ kan tó ń di igi ńlá, tó wá láti Brazil, tí wọ́n ń gba gọ́mù lára rẹ̀ nígbà kan. Ewé igi yẹn pọ̀, ó sì ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ á wá tóbi. Òótọ́ ni pé ó ń tóbi gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á kó ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí kún un, wọ́n á fi àyè gbọọrọ sílẹ̀ láàárín ìdí kan sí èkejì, ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ á sì ti mọ ọwọ́ rẹ̀.

Tíṣà, ẹ wá gbọ́ o: bí ẹnì kan bá gé igi lára òkè Mukibat tó tà á fún yín, igi gọ́mù ló tà. Bí ẹ bá gbìn ín, igi gọ́mù ni yóò hù. Ẹ ó rí ewé, ẹ ó rí ibòòji, ẹ lè so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Ẹ kò ní rí ẹ̀gẹ́ tó dára kó. Bó bá sì ta gbòǹgbò díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má fi dán an wò nínú gààrì. Sáyánáìdì, májèlé inú ẹ̀gẹ́ kíkorò, lè pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohun tí ẹ mọ bí a ti ń yọ lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé igi gọ́mù yẹn ti wà nínú ẹ̀gẹ́ wa tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, ní Amani, ibùdó ìwádìí kan ní Tanganyika (Tanzania òde òní), wọ́n fi í bá ẹ̀gẹ́ lòpọ̀ nítorí kò tètè kó mosaic, àrùn tó ń mú ewé ẹ̀gẹ́ ká kò tó sì ń sọ ọ́ di aláwọ̀ yẹ́lò. Ọmọ iṣẹ́ yẹn dé Moor Plantation, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ mìíràn níbẹ̀, sì fi bí àwọn irú ẹ̀gẹ́ bíi TMS 30572 tí àgbẹ̀ ti ń gbìn káàkiri Òkè-Ògùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí igi ọwọ́ yín bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gẹ́ tó ti Java wá ní ti gidi, ìyẹn ló burú jù. Ẹ̀gẹ́ tó dàgbà níbi tí kò ti sí mosaic tiwa sábà máa ń kó o wéré bó bá débí. Àrùn ọ̀hún ní irú tirẹ̀ ní apá Éṣíà lọ́hùn-ún náà: láti 2015 tí wọ́n ti rí mosaic ní Kàǹbódíà, ó ti ń ràn kiri àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Kíkó igi ẹ̀gẹ́ wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn wò lẹ́nu ibodè kò bófin mu. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, mi ò sì tíì fojú ara mi rí ohun tí ẹ rà, nítorí náà mi ò ní sọ pé ọmọkùnrin yẹn jẹ̀bi. Ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ hàn yín. Ẹ ó rí bí yóò ṣe dákẹ́.

Ìdì méjì tó wà nílé, ẹ má gbìn ín, ẹ má pín in fún aládùúgbò, ẹ má sì jù ú sí ààtàn níbi tó ti lè hù. Ẹ so ó mọ́ inú ọ̀rá, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín kó wá wò ó. Bó bá ní kí ẹ sun ún, ẹ sun ún. Fún éékà márùn-ún yín, ẹ lọ bá ẹni tó ń ta igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, kí ẹ dé oko rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo ewé. Ẹ fi àgbàdo àti ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ìyẹn ni mo rí kọ́ ní Gunungkidul, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti gbin díẹ̀, tó ti ń yọ, ẹ fi fọ́tò ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní, èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa, iwájú àti ẹ̀yìn ewé. Mi ò fẹ́ rí rìsíìtì.