Ẹ Bi Aláago Léèrè: Ìwé ni kí n kà ni, àbí kí n wá ọ̀gá lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Iṣẹ́ àtúnṣe aago ń wù mí. Màmá mi ní kí n wá ọ̀gá tí màá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ní ayé ti là, kí n máa ka ìwé kí n sì máa wo fídíò. Mo ti tú aago ọwọ́ Seiko 5 bàbá mi, mi ò rí i tò mọ́. Kí ni kí n ṣe? — *Ọmọ Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ ná. Kó gbogbo ohun tó o tú sínú ike tó ní ìdérí, má fọwọ́ kàn án mọ́, kó o gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ti ìbéèrè rẹ, ìyá rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ kí n tó gba fíríìdọ́mù. Ọ̀gá mi ò ka ìwé aago kankan rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ tó tiẹ̀. Ọjọ́ kan ni oníbàárà kan gbé aago wá, aago tó ń fi ogún ìṣẹ́jú sáré lójúmọ́. Ọ̀gá tú u, a fọ̀ ọ́, a fi ọ́ìlì sí i. Ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà ti padà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, níkẹyìn a dá owó rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí n tó ra ìwé àlòkù kan, mo ka ojú ewé kan nípa mágínẹ́ẹ̀tì, mo sì pariwo níbi tí mo jókòó sí. Sípíríǹgì kan wà nínú aago tí à ń yí, ó tín-ín-rín bí irun, ó ká bí ìkarahun ìgbín. Bí aago ṣe ń lù ló ń fẹ̀ tó ń sún kì. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá wọ̀ ọ́, àwọn ìká rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara wọn, bíi pé wọ́n gé e kúrú, ni aago á bá máa sáré. Oníbàárà wa yẹn, orí sípíkà ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa ń gbé aago lé tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá! Kọ́ńpáàsì kékeré là bá fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá gbé aago tó ń ṣiṣẹ́ sún mọ́ ọn, tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì náà ń gbọ̀n rìrì, o ti mọ ohun tó ń ṣe é láìtíì ṣí i.

Ohun tí ìwé ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ ìwé náà ni mo ti kà á pé kí n tú agbára inú sípíríǹgì ńlá, èyí tó ń fún aago lágbára, sílẹ̀ kí n tó yọ ohun tó ń dá àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín dúró. Mo kà á, mo gbàgbé. Mo yọ ọ́, gbogbo kẹ̀kẹ́ náà yí *gìrììì*, ó dákẹ́. Nígbà tí mo há awò sójú, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ti kán. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi ló ń rántí, kì í ṣe orí mi.

Nítorí náà, wá ọ̀gá. Ṣùgbọ́n lálẹ́, ra aago aláàmù tó ti kú, èyí tí à ń yí, má ra aago ọwọ́. Tú u, kó o ka eyín àwọn kẹ̀kẹ́ tó wà lábẹ́ ojú aago. Ká ní èyí tó gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú ní eyín 10, tó ń yí ẹlẹ́yín 30. Tí eléyín 8 tó wà lórí ẹlẹ́yín 30 yẹn tún ń yí ẹlẹ́yín 32 tó gbé ọwọ́ wákàtí. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, méjìlá. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ gígùn fi ń yí ẹ̀ẹ̀méjìlá kí kúkúrú tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó o bá fi ọwọ́ ara rẹ ka èyí, o ò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Seiko 5 bàbá rẹ, tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní 7S26 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 21,600 ní wákàtí kan. Irú aago bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń fi bẹ̀rẹ̀.

Má kó owó lé irinṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀mú tó mú dáadáa, síkúrú-dráfà mẹ́ta, awò ojú, ó tó. Tó o bá fẹ́ yọ sípíríǹgì kékeré, ki ọwọ́ àti aago sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara kó o tó yọ ọ́; tó bá fò, inú ọ̀rá ló máa bọ́ sí. Èmi ti fi ìkúnlẹ̀ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rí láti ìrọ̀lẹ́ títí iná fi lọ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ bátìrì aago mi láàárín oṣù márùn-ún. Ṣé aago náà ti bàjẹ́ ni? — *Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta*

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ wo ẹ̀yìn bátìrì náà. Bí aago yín bá ń lo SR626SW, tí wọ́n fi AG4 sí i, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, àmọ́ AG4 kì í pẹ́ tó o. Ẹ sọ fún aláago yín pé SR626SW lẹ fẹ́, kí ẹ sì san iye tó bá dá lé e. Tí èyí náà bá tún kú kíá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ti gbẹ, tí aago ń fi agídí rìn, tó ń fa bátìrì mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́.